Pírińtà Oníyíǹkì fún Ilé: Ẹ Wo Koríko Kí Ẹ Tó Ra Ẹṣin

Ẹnì kan ra pírińtà tuntun sílé. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n tà á fún un, inú rẹ̀ sì dùn. Ó tẹ iṣẹ́ àmúrelé ọmọ, ó tẹ lẹ́tà mẹ́ta, ó tẹ fọ́tò bíi mélòó kan. Kò tíì pé oṣù méjì tí iná kékeré kan fi ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ: yíǹkì ti tán. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta yíǹkì ni ẹnu yà á. Yíǹkì dúdú àti yíǹkì aláwọ̀ tó yẹ kó rà, bí a bá pa owó wọn pọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣe; òun ni kò mọ irú ọjà tó rà. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé, "Èwo ló dáa jù nínú gbogbo wọn?" N kì í lè dáhùn láì kọ́kọ́ béèrè tèmi: ojú ìwé mélòó lẹ ń tẹ̀ lóṣù? Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀rọ yín lè fi sùn kí ẹnikẹ́ni tó jí i? Ìdáhùn sí méjèèjì yìí ló ń yan ẹ̀rọ fúnni, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí.

Kí là ń pè ní ẹ̀rọ oníyíǹkì?

Oríṣi pírińtà méjì ló wọ́pọ̀ nínú ilé. Ti lésà ń lo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní tónà, ooru ló sì ń lẹ ìyẹ̀fun náà mọ́ bébà. Oníyíǹkì ń lo yíǹkì olómi. Apá kan wà nínú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ lókè bébà. Apá yẹn là ń pè ní orí ìtẹ̀wé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò ló wà lára rẹ̀, ihò tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ibẹ̀ ni yíǹkì ti ń já bọ́ sórí bébà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán.

Ibi tí yíǹkì ń gbé ló yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì. Kátíríìjì jẹ́ agolo kékeré tí a ń yọ sọnù bí yíǹkì inú rẹ̀ bá tán, tí a ó sì ki òmíràn bọ ipò rẹ̀. Tánkì ní tirẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀rọ. Inú ìgò la ti ń da yíǹkì sínú rẹ̀, bí ẹni ń da epo sínú àtùpà. Orí ìtẹ̀wé, kátíríìjì, tánkì: ẹni tó bá ti mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lè bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí pírińtà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ti yíǹkì síta. Lára àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pírińtà, HP àti Canon ń fi ooru ṣe é. Nǹkan tín-ín-rín kan nídìí ihò á gbóná lójijì, yíǹkì díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á hó, á wú, á sì ti ẹ̀kán kan jáde. Ìtàn tí àwọn Canon ń sọ ni pé lọ́dún 1977, ẹnì kan ní ilé ìwádìí wọn ṣèèṣì fi irin gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà kan abẹ́rẹ́ tí yíǹkì wà nínú rẹ̀, ni yíǹkì bá tú jáde. HP ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà náà, ó sì gbé pírińtà kan tó pè ní ThinkJet jáde lọ́dún 1984. Epson àti Brother kì í fi ooru sí i rárá. Kírísítálì kan ni wọ́n ń lò, tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí iná mànàmáná bá ti kàn án. Títẹ̀ tó tẹ̀ yẹn ló ń fún yíǹkì síta.

Kí ló kan ẹni tó fẹ́ rà á nínú èyí? Ooru máa ń jẹ orí ìtẹ̀wé bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Nítorí náà, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó kékeré tí HP àti Canon ń ṣe, ara kátíríìjì gan-an ni orí wà: ẹ pààrọ̀ kátíríìjì, ẹ ti pààrọ̀ orí. Ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí kátíríìjì wọ́n, àmọ́ bí ihò bá dí, àdánù yín kò ju kátíríìjì kan lọ. Orí ti Epson àti Brother kì í kúrò lára ẹ̀rọ. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n bó bá lọ dí pátápátá, owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra ẹ̀rọ tuntun.

Kí ló dé tí owó ẹ̀rọ kéré, tí ti yíǹkì sì ga?

Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tó ń ta ẹṣin. Owó tó ń tà á kéré débi pé gbogbo ọjà ń sáré lọ bá a. Ṣùgbọ́n irú koríko kan ṣoṣo ni ẹṣin náà ń jẹ, oko ọkùnrin yẹn nìkan ni koríko ọ̀hún sì ń hù sí. Ẹni tó ra ẹṣin lónìí yóò padà wá ra koríko lọ́la, yóò wá lọ́túnla, yóò máa wá títí ẹṣin yóò fi kú. Ìdí koríko ni ọkùnrin náà ti ń jẹun.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òwò kátíríìjì rí. Ilé iṣẹ́ lè ta ẹ̀rọ láìjèrè, ó tilẹ̀ lè pàdánù díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé yíǹkì máa san án padà.

Ṣé èèyàn kò lè lọ gé koríko níbòmíràn ni? Ó lè gé e, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kátíríìjì ni chip kékeré kan wà tó ń dá ara rẹ̀ mọ̀ fún ẹ̀rọ pé ọmọ ilé lòun. Bí kò bá dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ lè takú, kó ní òun ò tẹ nǹkan kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, àwọn tó ń lo irú àwọn pírińtà HP kan ṣàdédé rí i pé kátíríìjì ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àṣẹ tuntun ló ti wà nínú sọ́fítíwia ẹ̀rọ. Ariwo ta, HP tọrọ àforíjì, ó sì fún àwọn tó bá fẹ́ ní ohun tí wọ́n lè fi tú u. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ nínú àṣà náà. Dynamic Security ló ń pè é. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2020, àjọ tó ń rí sí ìdíje ọjà ní Ítálì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 Euro lé HP lórí, ara ẹ̀sùn náà sì ni pé kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tó fún àwọn oníbàárà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ irú èyí dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lọ́dún 2017, nínú ẹjọ́ Lexmark, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe pírińtà. Kátíríìjì tónà ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn adájọ́ ní bí ilé iṣẹ́ bá ti ta kátíríìjì, ẹ̀tọ́ tí ìwé àṣẹ onímọ̀ (patent, ìwé tí ìjọba fi ń sọ pé ẹnì kan ló ni ohun tó hùmọ̀) fún un lórí rẹ̀ ti parí. Ẹlòmíràn lè tún un rọ, kó sì tà á. Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ o: wọn ò sọ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gbà á wọlé. Títà á bófin mu, ẹ̀rọ ṣì lè tì í síta.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2022. Chip wọ́n káàkiri ayé, Canon fúnra rẹ̀ kò rí èyí tó máa fi sára tónà àwọn ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ kan. Ó kó tónà jáde láìní chip, ẹ̀rọ Canon wá bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún oníbàárà pé tónà Canon lè jẹ́ ayédèrú. Canon fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa tẹ ìkìlọ̀ náà pa.

N kò wí pé kí ẹ sá lọ ra yíǹkì àjèjì. Òmíràn dáa, òmíràn ń dí ihò, wáráńtì kì í sì í bo ohun tí yíǹkì àjèjì bá bàjẹ́. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ara páálí: ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kátíríìjì oní-chip ilé iṣẹ́ náà nìkan ni ẹ̀rọ máa gbà? Ṣé dandan ni kó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo? HP gbé ètò kan jáde tó pè ní HP+, tó ń fún èèyàn ní àfikún wáráńtì; ohun tó gbà padà ni pé yíǹkì HP nìkan ni ẹ̀rọ náà máa lò títí ayé rẹ̀. Ó lè bá ẹlòmíràn lára mu. Ẹni tó kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á ló ń pariwo lẹ́yìn.

Báwo la ṣe ń mọ iye tí ojú ìwé kan ń jẹ?

Wọ́n máa ń sọ iye ojú ìwé tí kátíríìjì tàbí ìgò yíǹkì kan lè tẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àfẹnusọ lásán. Ìlànà àgbáyé kan wà, ISO/IEC 24711, tó fi bí wọ́n ṣe ń dán kátíríìjì wò lélẹ̀: ojú ìwé kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń tẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ ràì títí yíǹkì fi tán. Iṣẹ́ tiyín kò ju pé kí ẹ mú owó yíǹkì, kí ẹ sì fi iye ojú ìwé pín in.

Ẹ wò ó bí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó. Kátíríìjì dúdú kékeré bíi HP 305 ní nǹkan bíi mílílítà 2 yíǹkì nínú, ó sì ń tẹ nǹkan bí ojú ìwé 120. Ìgò yíǹkì dúdú Epson 103 jẹ́ mílílítà 65, ó sì ń tẹ nǹkan bí 4,500. Kí ẹni tó ń lo kátíríìjì kékeré yẹn tó tẹ iye tí ìgò kan ṣoṣo ń tẹ̀, ó ti ra kátíríìjì tó lé ní 37.

Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé ẹ máa rí iye náà nílé bí wọ́n ṣe rí i. Wọ́n tẹ tiwọn láìdúró. Tiyín á tẹ ojú ìwé méjì lónìí, á sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, á jí, á kọ́kọ́ fi yíǹkì fọ orí ara rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Yíǹkì tó fi fọra yẹn, ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀, bébà kankan kò sì rí i. Fọ́tò tó kún inú bébà tún ń mu yíǹkì lọ́nà tí lẹ́tà oníìlà mẹ́wàá kò lè gbà mu ún. Kátíríìjì tó sì bá ẹ̀rọ wá nínú páálí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í kún tó èyí tí ẹ máa rà lẹ́yìn.

Kátíríìjì ni ká rà àbí tánkì?

Epson ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ onítánkì rẹ̀ lọ sọ́jà Indonéṣíà lọ́dún 2010, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi rọ́bà fa yíǹkì láti inú ìgò wọ ẹ̀rọ wọn tipẹ́. Lónìí, EcoTank ni wọ́n ń pe ti Epson, HP ní Smart Tank, Canon ní MegaTank, Brother náà ní tirẹ̀. Òwò náà yí padà níbẹ̀: ẹṣin wọ́n, koríko rọjú.

Ta ló wá yẹ kó ra èwo? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi dá ṣe ìṣirò, nítorí owó ibì kan kì í ṣe owó ibòmíràn. Ká ní ẹ̀rọ oníkátíríìjì jẹ́ 6,000, ti onítánkì sì jẹ́ 18,000. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 12,000. Ká tún ní ojú ìwé kan ń jẹ 13 lórí ti kátíríìjì, ó sì ń jẹ 1 lórí ti tánkì. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tẹ̀ lórí onítánkì ti dá 12 padà fún yín. Ẹ fi 12 pín 12,000, ẹ ó rí 1,000. Bí ẹ bá ti tẹ ojú ìwé 1,000, ẹ̀rọ náà ti san ìyàtọ̀ ara rẹ̀ tán.

Ẹni tó ń tẹ 80 lóṣù máa débẹ̀ láàárín ọdún kan àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Onítánkì ni kó rà, kó má wo ẹ̀yìn. Ẹni tó ń tẹ 10 lóṣù máa lo ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́rin. Ta ló mọ̀ bóyá ẹ̀rọ á wà títí dìgbà náà? Ẹ fi nọ́ńbà tòótọ́ tí ẹ bá rí rọ́pò tèmi, ẹ ó rí ìdáhùn tiyín.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ onítánkì kò ní chip kankan, nítorí náà ìjà ọmọ ilé àti àjèjì kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí mo lè fi bú wọn ni pé wọn ò fẹ́ kí a máa gbé wọn kiri. Ẹ dojú rẹ̀ dé nínú ọkọ̀, yíǹkì á ya wọ ibi tí kò yẹ.

Kí ló ń pa ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́?

Ọgbọ́n yìí, pẹ̀lú omijé ni mo fi kọ́ ọ. Mo ní pírińtà kan tí mo fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí mo sì ń yọ ọ́ kúrò lára iná ní gbogbo ìgbà nítorí mo rò pé mò ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ́ lò ó, ìlà funfun ló kún inú lẹ́tà mi. Mo ní kó fọ orí rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́. Mo tún ní kó fọ̀ ọ́. Ní ìgbà karùn-ún, yíǹkì tán, ìlà funfun ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Yíǹkì olómi ni. Bí atẹ́gùn bá kàn án, á gbẹ, bí bíírò tí ẹnì kan gbàgbé láti dé. Ẹ̀rọ náà ní ìdérí tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì pípa, orí ìtẹ̀wé á rọra lọ jókòó sórí rọ́bà kan tó ń dé e. Bí ẹ bá já a kúrò lára iná nígbà tó ṣì wà ní títàn, ó lè má rí àyè délé, ihò á sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà, bọ́tìnì ni kí ẹ máa fi pa á. Kí ẹ sì máa tẹ ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀ nínú, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lọ́sẹ̀ méjì. Yíǹkì díẹ̀ tó bá lọ síbẹ̀ kò tó èyí tí fífọ orí máa gbé mì.

Níbo ni yíǹkì tí ẹ̀rọ fi fọra ń lọ? Nǹkan kan bíi tìmùtìmù wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń fà á mu. Lọ́jọ́ tí tìmùtìmù náà bá kún, ẹ̀rọ lè dúró gbagidi, kó ní ẹ gbé òun lọ fún àtúnṣe. Lára àwọn ẹ̀rọ kan, àpótí kékeré ni wọ́n fi ṣe é, tí onílé lè fọwọ́ ara rẹ̀ yọ kó sì fi tuntun sí i. Bí owó ẹ̀rọ méjì bá dọ́gba, èyí tó ní àpótí yẹn ni màá mú.

Ẹni tí kì í tẹ ju lẹ́tà dúdú mélòó kan láàárín oṣù mẹ́ta ńkọ́? Kó má ra oníyíǹkì rárá. Kó ra ti lésà oní-dúdú nìkan. Ìyẹ̀fun kì í gbẹ. Tàbí kó máa lọ tẹ̀ ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó fi títẹ̀wé ṣiṣẹ́ ṣe. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti ń ronú ẹ̀rọ tuntun kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Yíǹkì tí omi ń fọ̀ lọ ńkọ́?

Yíǹkì méjì ló wà. Ọ̀kan yòrò sínú omi bí aró. Ó ń dán lórí fọ́tò, ṣùgbọ́n bí omi bá kán sí i, ó máa ń ṣàn. Èkejì jẹ́ lẹ́búlẹ́bú tín-ín-rín tó léfòó nínú omi bí ọ̀dà. Ó ń jókòó sójú bébà, omi kì í tètè mú un. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé ń fi ti ọ̀dà ṣe dúdú, wọ́n á sì fi ti aró ṣe àwọ̀ yòókù. Ìwé tó máa pẹ́ nílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ ń tẹ̀? Ẹ béèrè pé irú wo ni dúdú rẹ̀.

Èwo ló yẹ ká kà nínú ohun tí wọ́n kọ sára páálí?

Nọ́ńbà ńláńlá bíi 4800 x 1200, ìyẹn iye ẹ̀kán yíǹkì tí ẹ̀rọ lè tò sínú íńṣì kan, kò sọ bí lẹ́tà yín ṣe máa mọ́ tó. Gbogbo ẹ̀rọ òde òní ló mọ lẹ́tà kọ. Ẹ fò ó. Ẹ fo eré tó ń sá náà, àyàfi bó bá jẹ́ pé ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lẹ ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó yẹ kí ẹ wá ni bóyá ó lè tẹ ẹ̀yìn àti iwájú bébà fúnra rẹ̀, nítorí ìyẹn ń gé owó bébà sí ìdajì. Bó bá ní skánà, ẹ béèrè bóyá skánà náà ṣì máa ń ṣiṣẹ́ bí yíǹkì bá tán. Àwọn kan máa ń kọ̀. Bí fóònù lẹ fi ń tẹ̀wé jù, ẹ wá AirPrint fún iPhone tàbí Mopria fún Android. Lára ẹ̀rọ oníkátíríìjì, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú agolo kan ṣoṣo. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí yẹ́lò bá tán lẹ máa ju àwọ̀ méjì yòókù nù pẹ̀lú yíǹkì inú wọn.

Àlòkù ńkọ́?

Ó ṣeé rà, bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ dán an wò lójú yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́tà dúdú kan tan yín. Nínú ètò ìtọ́jú ẹ̀rọ, ibì kan wà tí a ti ń ní kó yẹ ihò rẹ̀ wò. Á tẹ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ jáde ní dúdú, búlúù, àwọ̀ osùn àti yẹ́lò. Ẹ gbé bébà náà síwájú fèrèsé, kí ẹ wo ti yẹ́lò dáadáa, torí òun ni ojú kì í tètè rí. Bí ìlà kan bá já, ẹ ní kó fọ orí lẹ́ẹ̀kan, kó sì tún un tẹ̀. Bó bá ṣì já níbì kan náà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.